Àjíǹde kì í ṣe àkúdàáyà: kí ló dé tí a fi ń kí òkú onígbàgbọ́ pé "ó dàárọ̀"

Ẹni tó béèrè pé ṣé "Ó dàárọ̀" ni kóun kọ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú màmá òun àbí "Ó di gbére", mo ń bọ̀ lórí yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò níbí n'Iléṣà ṣì ń dùn mí. Ọmọkùnrin kan ní àjíǹde táwọn onígbàgbọ́ ń pariwo ẹ̀, àkúdàáyà náà ni, pé òyìnbó kàn fún un lórúkọ míì. Háà! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ àkúdàáyà, kò sì mọ àjíǹde.

Ilé òṣómàáló ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń ru aṣọ àwìn lọ sílùú tó jìnnà ni wọ́n máa ń kó ìtàn àkúdàáyà bọ̀ wálé. Wọ́n á ní àwọn rí obìnrin kan lọ́jà ìlú báyìí, ẹni tí wọ́n ti sin n'Iléṣà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń ta iyọ̀, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Bí wọ́n bá wá pè é lórúkọ, á ní wọ́n ṣi òun mú ni, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì wọn ò ní bá a nílé mọ́, ọkọ ẹ̀ á máa wá a kiri. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gan-an ni àkúdàáyà ń sá fún, ẹ di ìyẹn mú dáadáa.

Jésù ńkọ́? Àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an ló ń wá lọ. Ó pe Màríà lórúkọ nínú ọgbà, ibẹ̀ lobìnrin náà ti dá a mọ̀. Nígbà tó yọ sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé ẹ̀mí làwọn rí, ó bá ní kí wọ́n wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun, kí wọ́n fọwọ́ kan òun, ó tún béèrè oúnjẹ, wọ́n fún un lẹ́ja, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí Tọ́másì wá wò ó. Létí òkun Tìbéríà, ó yan ẹja dè wọ́n láàárọ̀. Pọ́ọ̀lù ní àwọn tó lé ní 500 ló rí i lẹ́ẹ̀kan náà, pé èyí tó pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè nígbà tóun ń kọ̀wé, ìyẹn ni pé ẹ lọ bi wọ́n. Ṣé bí ẹni tó ń sá ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ti Babátúndé àti Yétúndé, ẹ fi sílẹ̀, ọmọ tuntun ni wọ́n fi sọ, bàbá àgbà ò torí ìyẹn kúrò nínú sàréè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ náà, àjíǹde, fúnra ẹ̀. Kí èèyàn jí, kó dìde. Bá a ṣe ń jí lórí ẹní láràárọ̀ nìyẹn. Ìyá ìyá mi ò mọ̀wé kà rárá, àmọ́ lálaalẹ́ tá a bá kúnlẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀ mà, á ní "Ó dàárọ̀ o, àjíǹde ara á jẹ́ o." Ìyẹn ni pé orun tá a fẹ́ lọ sùn yìí, ká jí nínú ẹ̀. Aláìsàn náà, àjíǹde ara la ń tọrọ fún un. Tó bá wá di ọjọ́ Ìsinmi, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpóstélì, tí wọ́n dé "àjíǹde ara àti ìyè àìnípẹ̀kun", èmi ọmọdé rò pé àdúrà màmá wa ni wọ́n ń kà! Mi ò sì tíì yí èrò mi padà. Èmi gbà pé orí ẹní ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ti mú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì ṣe é re, torí Jésù fúnra ẹ̀, orun ló pe ikú. Ó ní Lásárù sùn, òun ń lọ jí i. Ó ní ọmọ Jáírù sùn, wọ́n sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan á ní ṣebí wọ́n jí òkú ní Òkè-Oòyè níbí lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn àgbà ń sọ ọ́ pé ó gbàdúrà fún ọmọ tó ti kú, ọmọ náà sì jí, mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n jí báyẹn, bíi ti Lásárù, á tún kú lọ́jọ́ kan. Ti Jésù ò níkú míì lẹ́yìn. Iṣu àkọ́kọ́ tá a wà lóko ni, tó jẹ́ ká mọ̀ pé èyí tó kù nínú ilẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ti wá di "RIP" lórí Facebook báyìí, ọmọ ò kúnlẹ̀ kí ìyá ẹ̀ lálẹ́ mọ́, gúdù náìtì ló kù, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ohun tí ó dàárọ̀ ń sọ?

"Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá": omijé làwọn bàbá wa fi sọ ọ́, mi ò ní bú u. Àmọ́ ẹni tí ò retí kóun tún rí èèyàn ẹ̀ àfi lójú àlá ló ni ín. Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, bùọ̀dá wa kan ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ létí sàréè, ni ọ̀rẹ́ màmá, arúgbó tí wọ́n dì mú lápá méjèèjì, bá dá a dúró pé "Má lé e lọ bẹ́ẹ̀ yẹn, a ṣì ń ríra." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ pósí, ó ní "Ó dàárọ̀ o, ọ̀rẹ́ mi, àjíǹde ara á jẹ́ o." A sunkún lọ́jọ́ yẹn, a sun ún gidi, Jésù náà ṣáà sunkún kó tó pe Lásárù jáde.

Torí náà "Ó dàárọ̀, Màámi" ni kẹ́ ẹ kọ. Kẹ́ ẹ sì dúró ti àwọn tó ń tẹ̀wé kí wọ́n fi àmì sí i, torí mo ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ ní "o daro", táwọn èèyàn sì ń kà á sí dárò.