Ẹ Bi Wá, Ká Sọ: Ọjọ́ méjì ní Gallipoli àti Troy, ṣé ó tó?

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ Tọ́kì lóṣù yìí pọ̀ o, àfi bíi pé gbogbo yín jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀. Èmi náà lọ lọ́dún tó kọjá, inú oṣù kẹwàá, ọjọ́ méjì péré pẹ̀lú gáìdì nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. London la wà. Èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 72, ń lọ sí Istanbul fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní a lè yọ ọjọ́ méjì nínú ẹ̀ ká fi lọ wo ibi tí wọ́n ti jagun ní Gallipoli, ká sì ya ìlú àtijọ́ Troy. Ọkọ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ogun bí ẹni máa kú, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, màmá sì ti ní àwọn ò lè gun òkè kankan. Ṣé ká lọ ni àbí ká jókòó sí Istanbul ká máa nájà?

Àbúrò mi, ẹ lọ. Ọjà Istanbul á ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n á wá gbé yín lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ kùtù, torí láti Istanbul dé Eceabat, ìlú kékeré létí omi ní Gallipoli, wákàtí bíi márùn-ún ni lórí títì, ẹ ó sùn, ẹ ó jí, bọ́ọ̀sì á dúró kẹ́ ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ mu tíì, ẹ ó tún sùn. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání nítorí ilé ìtọ̀. Ọ̀sán lẹ máa rìn yíká Gallipoli, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ẹ ó fi fẹ́rì sọdá sí Çanakkale lọ sùn, Troy di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ á ti ṣú kẹ́ ẹ tó padà dé Istanbul. Ó há díẹ̀, àmọ́ ó tó.

Kí lẹ fẹ́ lọ wò gan-an? Omi tóóró kan ló wà níbẹ̀, Dardanelles ni wọ́n ń pè é, ibi tó há jù nínú ẹ̀ ò ju kìlómítà kan lé díẹ̀ lọ, ẹni tó bá dúró létí ẹ̀ máa rí mọ́tò tó ń lọ lódìkejì. Ẹ kàn kà á sí géètì. Ọkọ̀ ojú omi tó bá fẹ́ ti òkun gbangba lọ sí Istanbul, ibẹ̀ ló máa gbà. Lọ́dún 1915, Istanbul ni olú ìlú ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì nígbà yẹn, wọ́n sì ti bá Jámánì ṣọ̀rẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wá ní àwọn á já géètì yẹn, àwọn á gba Istanbul, ọ̀nà á sì ṣí fún àwọn láti dé ọ̀dọ̀ Rọ́ṣíà. Wọ́n kó ọkọ̀ ogun ńláńlá wá ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, ọkọ̀ Ottoman kékeré kan tó ń jẹ́ Nusret ti yọ́ jáde lóru, ó ti to bọ́ǹbù inú omi 26 síbi tí àwọn ọkọ̀ yẹn ti máa ń yí orí padà. Bouvet, ọkọ̀ Faransé, gbá ọ̀kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ló fi rì, òun àti èèyàn tó lé ní 600. Méjì ti Gẹ̀ẹ́sì náà rì lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí omi ò gbà ni wọ́n ní kí sọ́jà wá fẹsẹ̀ gbà á, ìyẹn ló bí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin tí àwọn sọ́jà Ọsirélíà àti New Zealand, Anzac ni wọ́n ń pè wọ́n, sọ̀ sí etí omi tí wọ́n ń pè ní Anzac Cove dòní.

Ẹnu yà mí nígbà tá a débẹ̀. Gbogbo ariwo tí mo ti ń gbọ́ nípa Anzac Cove, mo rò pé etíkun tó tẹ́ lọ salalu ni, àṣé kò ju 600 mítà lọ, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nílẹ̀, òkè sì dìde gànnàngànnàn lẹ́yìn ẹ̀ bí ògiri. Òkè yẹn làwọn sọ́jà Tọ́kì wà. Ẹni tó wà lókè ń yìnbọn sílẹ̀, ẹni tó wà nílẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Lókè níbẹ̀, títì tí bọ́ọ̀sì wa gbà, àárín yàrà àwọn Tọ́kì àti yàrà àwọn Ọsirélíà ló gbà kọjá. Yàrà ọ̀tún, yàrà òsì, igi páìnì ti hù sínú méjèèjì. Gáìdì ní kí n sọ òkúta láti ti ibí sí tọ̀hún, mo sọ ọ́, ó kọjá yàrà kejì. Àwọn tó jọ ń pa ara wọn gbọ́ ikọ́ ara wọn lóru. Nínú músíọ́mù tó wà ní Kabatepe ẹ ó rí ọta ìbọn méjì tí wọ́n ní ó pàdé lójú ọ̀run, ọ̀kan gún ìkejì wọlé bí abẹ́rẹ́. Mo dúró ti gíláàsì yẹn títí bọ́ọ̀sì fi ń fun fèrè.

Ọkọ yín á fẹ́ kí wọ́n sọ ti Chunuk Bair fún un, òkè tí àwọn New Zealand gbà lóṣù kẹjọ tí Mustafa Kemal sì gbà padà lọ́jọ́ 10. Wọ́n ní àfọ́kù bọ́ǹbù bà á ní igbá àyà lọ́jọ́ yẹn, aago àpò ẹ̀ ló gbà á lẹ́nu ikú. Òun náà ló di Atatürk, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tọ́kì lọ́dún 1923. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa, kẹ́yin lọ jókòó pẹ̀lú màmá sábẹ́ igi ní Lone Pine, itẹ́ òkú àwọn Ọsirélíà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Òkúta sàréè ibẹ̀ ò ga, ilẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sí. Ìjọba Ọsirélíà gba mọ̀lẹ́bí láyè kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí ti ọmọ wọn, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 66 lọ, àyè àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìyá tó jókòó tó ń ka iye lẹ́tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò fẹ́ràn ogun gan-an, tiyín ni ibẹ̀ yẹn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó bá wọn wá ṣe sá lọ. Oṣù kejìlá, òtútù ti dé, ọ̀gá ní ó tó, ẹ káńgárá. Báwo lèèyàn ṣe máa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́jà kúrò níwájú ọ̀tá tó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀? Wọ́n ń yọ́ lọ lóru díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi àpò di ẹsẹ̀ kó má baà dún. Ọmọ Ọsirélíà kan, William Scurry, wá ṣe ohun tí màá pè ní ẹ̀bìtì: agolo méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó so ti ìsàlẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń fà lára ìbọn, omi á máa kán tó, tó, tó láti òkè, tí ti ìsàlẹ̀ bá ti wúwo tó, gbà! ìbọn á dún láìsí èèyàn nídìí ẹ̀. Àwọn Tọ́kì ń gbọ́ ìbọn, wọ́n rò pé èèyàn ṣì wà. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ 20, Anzac ti dá páropáro, bẹ́ẹ̀ ìkúrò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa ẹnì kankan. Kí wọ́n tó kúrò ni òkú ti sùn: nǹkan bíi 44,000 lápá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti àwọn tó bá wọn wá, ó lé ní 86,000 lápá Ottoman.

Ẹ má lọ nítòsí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin àfi tẹ́ ẹ bá dìídì fẹ́ bá wọn ṣe ìrántí, èrò á pọ̀ bí omi, wọ́n sì máa ń dí títì. Oṣù keje àti ìkẹjọ, oòrùn á sun màmá.

Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi ní wọ́n kọ́ àwọn nípa ẹṣin onígi Troy nílé ìwé, pé sọ́jà wà nínú ẹ̀. Ẹṣin yẹn dà báyìí?

Ẹṣin méjì ló wà, kò sí èyí tó jagun nínú méjèèjì. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà Troy fúnra ẹ̀, àwọn ará Tọ́kì ló kàn án lọ́dún 1975 fún àlejò. Èkejì wà létí omi ní Çanakkale, èyí tí wọ́n lò nínú fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2004, òun ló rí bí ẹṣin jù. Ti àtijọ́, kò sẹ́ni tó rí i rí, ìtàn ni.

Ìlú yẹn ló jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ilé alámọ̀ tó wó lábúlé, tẹ́nì kan wá kọ́ òmíràn lórí ẹ̀, tíyẹn náà tún wó, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Troy nìyẹn, nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìlú mẹ́sàn-án ló jókòó lérí ara wọn títí ó fi di òkè. Olówó Jámánì kan, Heinrich Schliemann, wá lóun á rí ìlú tí Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, sọ nínú ìtàn ogun Troy, ó gbẹ́ kòtò gbàgàdà gba àárín òkè náà láti 1871, ó ń da èyí tó yẹ kó wò nù kó lè dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1873 ó rí wúrà, ó ní ti Priam, ọba Troy inú ìtàn yẹn, ni. Irọ́ ni, wúrà yẹn fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju ogun tó ń wá lọ! Ó gbé e sá kúrò ní Tọ́kì, ó dé Berlin, nígbà tí ogun Hitler parí lọ́dún 1945 àwọn sọ́jà Rọ́ṣíà gbé e lọ sí Moscow, ibẹ̀ ló wà dòní. Olè gbé e, olè gbà á.

Kí n sòótọ́, tẹ́ ẹ bá kàn bọ́ sí Troy báyìí láìsí alálàyé, òkúta lẹ máa rí. Bàbá kan nínú bọ́ọ̀sì wa ní ṣé ohun tí òun tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀ kùtù nìyí. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ músíọ́mù tó wà ní abúlé Tevfikiye lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 2018 ni wọ́n ṣí i, ẹ ò lè ṣì í mọ̀, ó dà bí àpótí páànù ńlá tó ti dógùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ jáde, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ wá dúró lórí òkè yẹn kẹ́ ẹ wo iwájú: oko tòmátò àti àgbàdo ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n òkun ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, iyẹ̀pẹ̀ odò ló dí i. Ẹnu géètì kan náà ni Troy jókòó sí. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ gba fìlà mi lọ, mi ò rí i mọ́.

Ṣé Troy yìí náà ni Tíróásì inú Bíbélì? Àkúrẹ́.

Rárá, màmá wa, àmọ́ wọn ò jìnnà síra. Tíróásì wà ní gúúsù ẹ̀, létí òkun, ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti rí ọkùnrin ará Makedóníà lójú ìran, ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin Yútíkù ti sùn lọ lójú fèrèsé tó já bọ́ láti àjà kẹta nígbà tí ìwàásù gùn jù. Bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ méjì kì í yà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti Bíbélì, Éfésù ni kẹ́ ẹ lọ, ìyẹn gba ọjọ́ mìíràn.

Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Nínú ìdílé wa wọ́n máa ń sọ pé àbúrò bàbá bàbá mi bá Faransé lọ sí ogun kan létí omi nílẹ̀ Tọ́kì, kò padà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí ìtàn lásán?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin 1915 kan náà, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ̀ lódìkejì, Faransé sọ sọ́jà sílẹ̀ ní Kumkale, tí ò jìnnà sí Troy rárá, kí àgbá tó wà lápá ibẹ̀ má baà ráyè yìnbọn sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn dúdú wà nínú wọn, tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pè wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n kó wọn sọdá sí Seddülbahir, lápá ìsàlẹ̀ Gallipoli, ibẹ̀ ni ìjà ti le. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín: gbogbo ẹni tí Faransé kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dahomey, ìyẹn Bẹ̀nẹ̀ òní, wà ńbẹ̀, "ará Sénégal" ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu mọ̀ ọ́n jù mí lọ, bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi sọdá bọ́dà wá sápá Nàìjíríà lóru.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ogun ló dé Tọ́kì, ogun Tógò wà ní 1914, Kamẹrúùnù wà, ilẹ̀ Faransé fúnra ẹ̀ wà. Ibi tẹ́ ẹ ti máa wò ó ni ìkànnì ìjọba Faransé tó ń jẹ́ Mémoire des hommes, káàdì àwọn tó kú sógun náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ibi tí wọ́n bí ẹni náà àti ibi tó kú sí máa ń wà lórí ẹ̀. Ẹ gbìyànjú orúkọ yẹn lónírúurú ọ̀nà, torí bí akọ̀wé Faransé bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, Adé lè di Hadé, Ṣ lè di Ch. Tẹ́ ẹ bá rí "Seddul-Bahr" tàbí "Dardanelles" lórí káàdì, ẹ kọ̀wé sí mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń lọ, itẹ́ òkú Faransé wà ní Morto, lápá ìsàlẹ̀ Gallipoli. Gáìdì wa ò mú wa débẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó béèrè rí. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Anzac, tí bọ́ọ̀sì bá ti kúrò ní Eceabat wọn ò ní yí padà.