Ìwé àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣe wáyà: ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀

Bọ̀dá wa tí ń ṣe iṣẹ́ wáyà l'Ákẹ̀sán, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìwé àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ yín kì í parí lọ́jọ́ kan náà, pé báwo lẹ ó ṣe máa rántí. Ẹ ra ìwé ńlá kan, ẹ kọ orúkọ, nọ́mbà àti ọjọ́ tó máa parí síbẹ̀, ó tán.

Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Lọ́nà Ìlọ́rin níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọmọ iṣẹ́ mi kan gun àkàbà. Wọ́n ti pa iná lójú mítà, àmọ́ onílé ò sọ pé ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná wá, wà ní yàrá. Bó ṣe fọwọ́ kan wáyà, iná gbé e, ó já bọ́, èjìká rẹ̀ yẹ̀. Ọmọ ń ké lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọn ò tiẹ̀ bi í pé ṣé ara ń dùn ún. "Ìwé rẹ̀ dà?" Mo mú tèmi jáde, wọ́n ní orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Trade test rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, wà nílé ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé. Fọ́tò rẹ̀ wà lórí fóònù, wọn ò wò ó. Wọ́n ní kí n lọ sí Ìbàdàn. Mo débẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i ò sí lọ́fíìsì. Inú ṣì ń bí mi! Nítorí náà, kí ojúlówó ìwé oníkálukú wà ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Tí ẹnikẹ́ni bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ọdún 2010 ní kí ẹ fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má dúró kó jinná. Ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yín náà, ẹ máa san án fún NSITF.

Ẹni tó bá ní òun á bá yín gba ìwé NEMSA, àjọ ìjọba tó ń fún oníṣẹ́ iná níwèé ẹ̀rí, láìṣe ìdánwò, ẹ sá fún un. Ẹ wo ti dírẹ́bà yín náà: láísẹ́ǹsì ọlọ́dún 3 wà, ọlọ́dún 5 wà.

Ní ti ẹ̀kọ́ ààbò, ọmọ tó ní ìwé pàápàá lè kú sórí àkàbà. Kí ó yọ fíúsì, kó fi sápò ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà. Kó kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tó mọ̀ pé iná wà, kó tó fi kan wáyà tó fẹ́ ṣe. Kó bi onílé léèrè jẹnẹrétọ̀, sólà àti ìnfátà. Tí onílé bá ní kò sí, kó wọ yàrá lọ wò ó fúnra rẹ̀.