Kóòtù London ò lè tó ní Chicago o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti wà ní Peckham níbí ní London, ọkọ mi wá ríṣẹ́ sí Chicago, a máa kó lọ lóṣù kọkànlá. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń pariwo òtútù. Ṣé kóòtù tí mo ń wọ̀ níbí ò ní tó ni? Ṣebí òtútù náà ni gbogbo ẹ̀. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Òtútù ju òtútù lọ o jàre. Ní London, tó bá di January, ọ̀sán á ṣì máa tó bíi digírì 8, òru á wà ní bíi 2 tàbí 3. Chicago lóṣù kan náà, òdo lọ̀sán gan-an máa ń wà, òru á lọ sí bíi 8 nísàlẹ̀ òdo, ìyẹn tọ́jọ́ bá dáa o! January 30, 2019, ó já sí 31 nísàlẹ̀ òdo, mo ṣílẹ̀kùn, mo fa èémí kan báyìí, irun imú mi gan.

Tẹ́ ẹ bá sì wo máàpù, London ló wà lókè ju Chicago lọ o. Atẹ́gùn orí òkun Atlantic ló ń gba London sílẹ̀, kì í jẹ́ kó tutù kọjá bó ṣe yẹ, àmọ́ àárín ilẹ̀ ni Chicago wà, afẹ́fẹ́ Kánádà kàn ń rọ́ bọ̀ ni, kò sí òkè tó máa dá a dúró.

Ibi tí Chicago ti sàn díẹ̀ ni oòrùn. Ẹ̀yin náà mọ London ní December, aago mẹ́rin ò tíì lù, ilẹ̀ ti ṣú, òjò winniwinni ṣáá. Ní Chicago oòrùn á yọ sórí yìnyín yẹn, á máa dán, àmọ́ oòrùn ẹ̀tàn ni, ẹ má tìtorí ẹ̀ ṣí fìlà kúrò létí. Hítà inú ilé á tún gbẹ ara yín bí ọyẹ́, ẹ yáa ra òrí ní Rye Lane kẹ́ ẹ tó gbéra. Kóòtù ní tiẹ̀, ẹ dé ọ̀hún kẹ́ ẹ tó rà á, tiyín àti tàwọn ìbejì, torí èyí tí wọ́n ń tà ní London, òtútù London ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ gbọ́ o, tẹ́ ẹ bá rí àga oníke tó dá dúró létí títì lẹ́yìn tí yìnyín bá bọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fi ṣọ́bìrì kó yìnyín ibẹ̀ ló fi gba àyè mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀, dibs ni wọ́n ń pè é. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo páàkì tèmi. Ìgbà tí mo máa jí láàárọ̀, wọ́n ti da omi sára mọ́tò mi, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dì pa.