Èsì: Bí ìbọn bá ṣàdédé dún nígboro Páríìsì

Ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́, ẹ kú àníyàn. Ẹ bèèrè ohun tí àbúrò yín máa ṣe bí ìkọlù bá ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀ ní Páríìsì tó ń lọ. Kó kọ́kọ́ sá, kó fi ẹrù sílẹ̀. Bí kò bá rọ́nà sá, kó wọ yàrá, kó ti ilẹ̀kùn, kó fi tábìlì dí i, kó pa iná, kó sì jìnnà sí fèrèsé. Fóònù ńkọ́? Kó pa ohùn rẹ̀, kó pa gbígbọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù tó ń gbọ̀n lórí pákó máa ń dún ketekete. Ibi tó bá ti fara pamọ́ dáadáa ni kó ti pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọlọ́pàá bá dé, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè lófìfo, torí wọn ò tíì mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é léraléra. Ìpè yín lè tú u fó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú sábà máa ń kọjá nígbà tí ìpè ò bá wọlé. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí àbúrò yín máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, ẹni yẹn á wá sọ fáwọn ará Kétu. Kó kọ nọ́ńbà ẹni náà sórí bébà; bátìrì lè kú.