Èdè Tuntun Ni àbí Ìpèníjà?

Ẹ béèrè bí olùkọ́ ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọ tí ń sọ èdè mìíràn nílé kàn ń kọ́ èdè iléèwé lọ́wọ́ ni, tàbí ó ní ìpèníjà tí ó yẹ kí a tètè mójú tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú, ọmọ méjì ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ọmọbìnrin ni ti àkọ́kọ́. Fún bí oṣù mẹ́rin, kò la ẹnu rárá, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí a óò yẹ̀ wò, láìkíyè sí i pé bí mo bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí i. Ó ń gbọ́. Kò tíì fẹ́ fèsì ni. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú èdè tuntun.

Ojú tì mí, mo sì wá ṣe àṣejù sí òdìkejì. Nígbà tí ọmọkùnrin kan dé tí kò lè to ọ̀rọ̀ pọ̀, mo ń tẹnu mọ́ ọn pé èdè ni, yóò yé e tó bá yá, bẹ́ẹ̀ ni ọdún méjì gbáko ṣe kọjá. Ìyá rẹ̀ ni ó là mí lójú, lọ́jọ́ tí a wá rí ògbufọ̀ tí kì í ṣe ọmọ ilé wọn. Ó ní ó pẹ́ kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀, pé nínú èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ gan-an, “nǹkan yẹn” ni ó fi ń pe ohun gbogbo, àbúrò rẹ̀ ni ó sì ń bá a parí ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí n ti béèrè. Ìpèníjà èdè tí ó bá ọmọ wáyé kì í yan èdè kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ọmọ tí ń ròyìn geere nílé, tí ó ń kọsẹ̀ ní iléèwé nìkan, ẹ̀kọ́ ni ó kù fún un. Àfi kí ẹ ṣọ́ra, nítorí ọmọ tí a kò bá fi èdè ilé bá sọ̀rọ̀ mọ́ lè gbàgbé rẹ̀ láìsí àbùkù kankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìtàkùrọ̀sọ tàn yín jẹ. Láti ọdún 1979 ni Jim Cummins, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ elédè méjì, ti ya èdè ìtàkùrọ̀sọ sọ́tọ̀ kúrò lára èdè ẹ̀kọ́: ọmọ lè mọ ti àkọ́kọ́ sọ láàárín nǹkan bí ọdún 2, kí èkejì sì gbà tó ọdún 5 sí 7.

Ní báyìí, kí n tó dájọ́, mo máa ń kọ́ ọmọ ní nǹkan kí n tó dán an wò. Mo gbé àwòrán mẹ́ta kalẹ̀, ó sọ ìtàn wọn bí ó ti mọ̀ ọ́n, mo fi bí a ṣe ń lo “lẹ́yìn náà” àti “nítorí pé” hàn án, ó sì tún un sọ. Nígbà tí mo ṣe é fún ọmọbìnrin yẹn lẹ́yìn tí ó ti ń fọhùn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó gbà á. Ọmọkùnrin náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì tún ń nàka sí àwòrán. A yẹ etí rẹ̀ wò, kò sí nǹkan tí ó ṣe é (ẹ jọ̀wọ́, etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò). Òótọ́ ni pé ó ń kọ́ èdè tuntun, òótọ́ sì ni pé ó ní ìpèníjà. Ìrànlọ́wọ́ méjèèjì ni ó ń gbà títí ó fi kúrò ní kíláàsì mi.