Má tẹ̀lé nọ́ńbà fáìlì, àbúrò: ohun tí àwo 42 fi ojú mi rí

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o yọ àwo DVD mẹ́rin ti eré tẹlifíṣọ̀n Firefly sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú MakeMKV, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó fídíò jáde látinú àwo, gbogbo fáìlì tó jáde ń jẹ́ title_t00, title_t01, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, o ò sì mọ èwo ni ẹ̀písóòdù kìíní. Ẹnì kan ti dá ọ lóhùn pé kí o sáà to nọ́ńbà wọn tẹ̀léra, pé bí wọ́n ṣe wà lórí àwo náà nìyẹn. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Mo gba irú ìmọ̀ràn yẹn rí lẹ́nu ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jìyà rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ló ra eré tẹlifíṣọ̀n kan fún Bàbá wa. Sáà méje ni, àwo mẹ́fà fún sáà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 42. Ìjẹ̀bú-Òde ni Bàbá ń gbé, ẹ̀rọ DVD wọn ti bàjẹ́, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn ń ka hard drive. Ẹ̀gbọ́n mi wá kó gbogbo àwo náà ránṣẹ́ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, pé kí n bá wọn dà á sórí hard drive kan, kí n gbé e dání tí mo bá ń lọ sílé ní Kérésì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Tí mo bá dé láàárọ̀, màá ti àwo kan bọ inú dráífù tó ń ka àwo lára kọ̀ǹpútà kí n tó lọ wẹ̀. Àwo kan lè gba ogún ìṣẹ́jú, òmíràn ogójì. Bí nọ́ńbà ṣe tò ni mo ṣe sọ fáìlì lórúkọ: t00 di ẹ̀písóòdù kìíní, t01 di èkejì. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, tí mo rí àwòrán, tí mo gbọ́ ohùn, ó ti tán nìyẹn. Nígbà tí mo parí, mo kó àwo 42 náà lọ fún ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, torí pé yàrá wa kéré.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà dé Lọ́ńdọ̀nù ni Bàbá pè mí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin tí wọ́n sin lánàá, òun ló ń dáná lónìí. Ṣé ojú mi ni, àbí eré náà?" Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọ́n ti rò pé iyè àwọn ló ń ra, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi pa á mọ́ra kí wọ́n tó lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, lórí àwo kan, ẹ̀písóòdù tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n tọ́jú sí iwájú. Ẹni tó ṣe àwo lè to nǹkan inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, torí pé bọ́tìnì inú àtòjọ tó máa ń jáde sójú tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn bá ti àwo bọ ẹ̀rọ ló ń darí ẹni síbi tó tọ́. Àwọn fáìlì abẹ́ rẹ̀ kò ní láti tẹ̀léra rárá. Èkejì ló burú jù. Àwo kejì nínú sáà kẹrin ti họ, dráífù ò lè ka ẹ̀písóòdù kan, fáìlì mẹ́ta ló jáde dípò mẹ́rin. Mi ò ka iye wọn. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo sáà yẹn yẹ̀ sẹ́yìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀písóòdù keje wà lórí ẹ̀kẹjọ, ti ẹ̀kẹjọ wà lórí ẹ̀kẹsàn-án. Àwo ò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́ tí mo máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Báyìí ni mo ṣe ń jókòó sórí WhatsApp lálaalẹ́ ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa á tẹ fáìlì kan, á ka orúkọ tó bá jáde sójú tẹlifíṣọ̀n, èmi á wá a nínú àkójọ tó wà lórí Wikipedia, òun á tún un kọ. Ó lé ní 150 fáìlì. Àwa méjèèjì lọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún padà ra sáà kẹrin lódidi nítorí ẹ̀písóòdù kan ṣoṣo yẹn.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, èmi ni mo pa á rẹ́. Lórí àwo púpọ̀, fáìlì kan máa ń wà tó gùn tó wákàtí méjì àbọ̀ tàbí mẹ́ta, tó so gbogbo ẹ̀písóòdù àwo náà pọ̀. Èyí ni ti ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì pé kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún òun wò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀gá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí a pa á rẹ́, pé ó ń gba àyè. Àyè wo? Inú fáìlì yẹn ni wọ́n ti to àwọn ẹ̀písóòdù bó ṣe yẹ kí a wò wọ́n! Tí tìrẹ bá ní in, fi í sílẹ̀. Ṣí i nínú VLC, ètò tó ń gbé fídíò jáde, fò láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀písóòdù kan sí òmíràn, kí o fi wé àwọn fáìlì kéékèèké.

Yíyọ fúnra rẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní tún un sọ.

Tí o bá fẹ́ dá ẹ̀písóòdù mọ̀, wo ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo eré ló ń kọ orúkọ ẹ̀písóòdù sójú àwòrán, àmọ́ wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn òṣèré àlejò, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó darí rẹ̀. Orúkọ òṣèré àlejò yẹn ni kí o dì mú, torí òǹkọ̀wé kan lè kọ mẹ́rin nínú sáà kan, ṣùgbọ́n àlejò kì í sábà padà wá. Wo bébà inú páálí náà pẹ̀lú, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣì ń rú ọ lójú, fi àwo náà sínú VLC, yan ẹ̀písóòdù náà nínú àtòjọ tó bá jáde, kí o wá wo nọ́ńbà tó máa jáde lábẹ́ Title. Má retí pé ó máa bá ti MakeMKV mu o: MakeMKV ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo, ó sì ń fo àwọn tó kúrú jù.

Dráífù náà ńkọ́? Agbègbè-agbègbè ni wọ́n pín ayé sí fún DVD, kí àwo ibì kan má bàa ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àwo tí ẹ̀gbọ́n mi rà wá láti Amẹ́ríkà, agbègbè 1. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 2, Nàìjíríà ní 5. Dráífù kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kí o yí agbègbè padà lẹ́ẹ̀márùn-ún péré, lẹ́yìn náà á tì pa síbi tó bá wà. Mi ò mọ̀, mo ti lo mẹ́rin. Mo pe àwọn tó tà á fún mi, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n ra òmíràn. Ìyẹn nìkan ló rí sọ. Àwọn aṣòfin ibí náà ò sàn jù wọ́n lọ: ní oṣù Kẹwàá 2014 wọ́n ní ẹni tó ra nǹkan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀, nígbà tó di oṣù Keje 2015 ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e. Owó wa la fi rà á, bàbá wa la ṣe é fún!

Ẹ jọ̀ọ́, Firefly ni o béèrè. Tìrẹ ní wàhálà míì nínú. Ní 2002 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox ń gbé e jáde, wọn ò tẹ̀lé bí àwọn tó ṣe é ṣe tò ó. "The Train Job" ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n wá fi "Serenity", tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà gan-an, kẹ́yìn ní oṣù Kejìlá. Mọ́kànlá péré ni wọ́n fi hàn nínú mẹ́rìnlá. Àwọn tó ṣe DVD tò ó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, tí àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń bá àwo rẹ jà, àwo rẹ ni kí o gbà gbọ́. Mẹ́ta ló wà lórí àwo kìíní, mẹ́rin lórí èkejì, mẹ́rin lórí ẹ̀kẹta, mẹ́ta lórí ẹ̀kẹrin. Tí o bá ń lo Jellyfin, ètò tó ń to fídíò inú ilé jọ fún wíwò, yí ètò eré náà sí ti DVD kí o tó jẹ́ kó wá àlàyé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè fi orúkọ ẹ̀písóòdù mìíràn lé e lórí.

Ẹ̀písóòdù kìíní tí ò ń wá rọrùn: "Serenity" gùn tó ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Àwọn yòókù ń lọ bí ìṣẹ́jú 44. Èyí tó bá lé ní 80 lórí àwo kìíní, tó sì jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni. Ka iye fáìlì àwo kọ̀ọ̀kan kí o tó yọ ọ́ kúrò nínú dráífù. Má tíì fi HandBrake, ètò tó ń dín ìwọ̀n fídíò kù, fún ohunkóhun pọ̀, má sì fún ẹnikẹ́ni ní àwo kankan. Kọ iye ìṣẹ́jú fáìlì kọ̀ọ̀kan síbí lálẹ́ òní, èmi ò sí níbi iṣẹ́, a jọ máa wò ó.