Gálà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Mówe ni mò ń gbé, Victoria Island ni ibi iṣẹ́ mi. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé, mi ò kì í lè jẹun kí n tó jáde. Tí a bá ti dé Berger tí ọkọ̀ ò lọ mọ́, mo máa ra gálà méjì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Lọ́sàn-án, míìtì-páì ni. Tí a bá ń bọ̀ lálẹ́, gálà náà tún ni. Tí mo bá délé láago mẹ́sàn-án, indómì méjì ni mo máa ń sè fún ara mi torí kì í pẹ́ jinná. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Lóṣù tó kọjá, wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa wò níbi iṣẹ́, wọ́n ní tèmi ti ń ga díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti búra pé mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Ọkọ mi ní ọ̀kánjúwà ló ń dà mí láàmú. Ṣé òótọ́ ni, mà?
Ìyá Ìbejì, Mówe

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì ọmọ mi, o kú ìrìn o. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún un pé Màmá Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ẹni tó jí láti aago mẹ́rin tí nǹkan kan ò kan ẹnu rẹ̀, tó wá jókòó sínú ọkọ̀ tí kò mira, tí ọmọkùnrin kan ń fi gálà lu gíláàsì létí rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Kó máa ka bíríkì?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù, bísíkíìtì àti mínírà ni oúnjẹ mi. Tó bá ti di aago méjì, tí àwọn aláìsàn ti sùn, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, mo máa já ọ̀rá bísíkíìtì, màá ní ẹyọ méjì péré. Èèrà ló tú mi fó. Lóru ọjọ́ kan, mo gbé báàgì mi sórí tábìlì, mò ń kọ nǹkan sínú fáìlì, àfi bí mo ṣe rí i tí èèrà tò bọ̀ láti ara ògiri, wọ́n gba orí fáìlì kọjá, wọ́n sì wọ inú báàgì mi lọ. Sístà tó jẹ́ ọ̀gá wa dúró, ó wò wọ́n. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ìka ta ẹyọ kan dànù lórí orúkọ aláìsàn. Ìtìjú yẹn ló mú mi búra ní alẹ́ àìsùn ọdún tuntun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, mo ti padà sídìí ẹ̀. Ìbúra ò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ẹ̀wà tí mo ń gbé sínú kúlà wá síbi iṣẹ́, tí mo ń jẹ láago mọ́kànlá, kí aago méjì tó dé bá mi.

Oúnjẹ ilé-iṣẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ṣe sínú ọ̀rá bíi gálà àti indómì, tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ó rọ̀, ẹnu kì í jẹ ẹ́ pẹ́, o ti gbé e mì kí ikùn tó mọ̀ pé nǹkan wọlé. Nínú ìwádìí tí onímọ̀ ìwádìí Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2019, wọ́n fi èèyàn 20 sábẹ́ òrùlé kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ bí irú èyí tí a ń sè nílé. Súgà, ọ̀rá àti iyọ̀ tó wà nínú méjèèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí kálukú jẹ títí tó bá yó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ti oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹ ju tìkejì lọ lójúmọ́, ara wọn sì fi bíi kìlò kan wúwo sí i. Ṣé gbogbo àwọn 20 náà ni ọ̀kánjúwà ń dà láàmú? Kí ọkọ rẹ dáhùn.

Èyí tí màá fẹ́ kí o kọ́kọ́ mú ni ti àárọ̀. Má tíì fọwọ́ kan indómì, má tíì fọwọ́ kan míìtì-páì. Mi ò ní sọ pé kí o se mọ́ínmọ́ín sínú fíríjì, torí mo mọ bí iná ṣe rí. Tí o bá fẹ́ sùn, se ẹyin méjì, má bó o. Fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tì í nínú ike, kí o gbé e sórí bàtà tí o máa wọ̀. Orí bàtà ni mo wí o, kì í ṣe kíṣìnnì, torí o máa gbàgbé ẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kọjá Àrẹ́pò, kí gbogbo ẹ̀ ti wà níkùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má ṣe jókòó sídìí fèrèsé mọ́. Jẹ́ kí ẹlòmíì máa gba ẹ̀fúùfù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlẹ́rìndòdò. Yí igo náà, ka ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ó bá ní gíráàmù 10 súgà nínú mílílítà 100, igo 50 cl jẹ́ gíráàmù 50, ìyẹn ṣíbí tíì bíi 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá nǹkan bíi 50 lójúmọ́, 25 ló dáa jù. Ìjọba wa fi owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n lára? Kọ́kọ́ bọ́ sórí igo kékeré, kí o tó bọ́ sórí omi. Tó bá jẹ́ èyí tó dúdú yẹn lo ń mu, tí orí wá ń fọ́ ọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta nígbà tí o bá dín in kù, kaféènì inú rẹ̀ tó ti mọ́ ọ lára ló ń wá ọ. Kì í ṣe ayé.

Indómì alẹ́ lè dúró, ṣùgbọ́n kó di ẹyọ kan, kí o da ìdajì àpò ata kékeré yẹn nù. Ibẹ̀ ni iyọ̀ pọ̀ sí. Rẹ́ ẹ̀fọ́ sí i, fọ́ ẹyin sí i. Kí o sì lọ yẹ ìfúnpá yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilé ìlera. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí o sì tún padà lọ́jọ́ mìíràn. “Díẹ̀” tí wọ́n ní ó fi ga yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára; má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn ọ́. Nígbà tí onímọ̀ ìwádìí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣọ́ àwọn tó ń kọ́ àṣà tuntun, ìdáwọ́lé wọn gba ọjọ́ 66 kó tó mọ́ wọn lára, tí a bá wo ẹni tó bọ́ sí àárín. Ti ẹlòmíì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíì ju oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá fo ọjọ́ kan kò ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, tí o bá ra gálà lọ́jọ́ Ẹtì, se ẹyin rẹ lọ́jọ́ Àìkú.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá rẹ̀ ní kó máa mu málítì pẹ̀lú mílíìkì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè padà. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá Àdùkẹ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, sà. Ìyá ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n málítì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, súgà ló pọ̀ níbẹ̀. Mílíìkì tilẹ̀ máa ń dí áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́ kó má ráyè wọ ara dáadáa. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n fi ọsàn pa ẹnu dà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún wọn ní kíléńìkì, omi ni kí wọ́n fi lò ó, kì í ṣe tíì, kì í ṣe mílíìkì. Ẹ má bá ìyá ìyàwó yín jà. Ẹ ra ìdajì kìlò ẹ̀dọ̀ wálé, kí ẹ gbé e fún wọn pé Màmá Nọ́ọ̀sì ló fi ránṣẹ́.